Ìlú Tó Béèrè Nǹkan Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ọkùnrin kan wà tí ìlú rẹ̀ fi ṣe akọ̀wé nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dára nídìí ìwé kíkọ. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún márùndínlógójì kí ó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ó bá kọ lẹ́tà, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé tó ń wọ kíláàsì láàárọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á wò ó, á ní ó dára.

Ìlú náà kò tóbi. Àdúgbò mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́jọ wà níhìn-ín odò, níbi tí iléèwé, ọjà àti ilé ìwòsàn wà. Ẹ̀kẹsàn-án dá wà lódìkejì, láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí ìlú ń jẹ. Afárá onípákó ló so wọ́n pọ̀, ó sì ti gbó. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo ń sọ, odò gbé àárín rẹ̀ lọ lóṣù Agẹmọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ òdìkejì kò fi rí iléèwé lọ. Obìnrin kan rọbí, wọ́n gbé e dé etí omi, ibẹ̀ ló sì bí i sí, lórí ẹrẹ̀, tí nọ́ọ̀sì dúró níhìn-ín tó ń pariwo ohun tí wọn yóò ṣe fún un. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ìyá yè, ọmọ yè. Nígbà tí omi fà, wọ́n kan pákó mélòó kan mọ́ afárá náà, ayé sì ń lọ.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ máa ń ránṣẹ́ sí àwọn ìlú pé kí wọ́n wá sọ ohun tó jẹ wọ́n lógún. Ìlú yìí sì ní àṣà tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ohùn àdúgbò kankan kò gbọdọ̀ já sílẹ̀. Bí ìpàdé bá pé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ tirẹ̀, akọ̀wé á sì kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá ti kọ, wọn kì í yọ ọ́, kí ẹni tó sọ ọ́ má bàa ní wọ́n fojú tín-ín-rín òun. Bí ọdún bá yí, wọ́n á tún kọ tuntun lé ti àtijọ́. Báyìí ni ìwé náà ṣe ń wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, títí ó fi di nǹkan mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Kí ni kò sí níbẹ̀? Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Iná ojú títì wà níbẹ̀. Oríta aláyìípo wà níbẹ̀, nínú ìlú tó jẹ́ pé títì kan ṣoṣo ló ní. Olóyè kan tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun ní kí wọ́n fi pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré sí i, wọ́n sì fi sí i. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn tó jókòó sí ìpàdé náà kò rẹ́rìn-ín. Oníkálukú mọ̀ pé bí òun bá fi ti ẹnìkejì rẹ́rìn-ín, wọn yóò fi ti òun náà rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà kìíní ni gbọ̀ngàn ìlú, tí wọn yóò kọ́ sí àdúgbò Tíṣà. Tíṣà ló fi síbẹ̀, òun ló kúkú mú kálàmù lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti ṣèlérí pé orúkọ rẹ̀ làwọn yóò kọ sí iwájú gbọ̀ngàn náà, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Afárá odò ni nọ́ńbà kọkàndínlógún.

Ọdún méje ni wọ́n ti ń gbé ìwé yìí lọ sí olú-ìlú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìjọba dá wọn lóhùn. Wọ́n wá ri òpó méjì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìlú, wọ́n gbé pátákó ńlá lé e lórí, wọ́n kọ Ẹ Káàbọ̀ sí i, wọ́n sì bá ọkọ̀ wọn lọ. Nọ́ńbà kọkànlélógójì nìyẹn. Àwọn ará ìlú bínú títí. Wọ́n ní àwọn aṣòfin kò ka àwọn sí.

Tíṣà ní ọmọbìnrin kan, Ìbíwùmí, tó lọ́kọ sí òdìkejì odò. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́ta nígbà tí bàbá rẹ̀ ń múra àtilọ bá àwọn aṣòfin. Ó gbé gàárì wá kí bàbá rẹ̀. Ó bá a nídìí tábìlì, tí bàbá ń da ìwé nǹkan mẹ́tàdínláàádọ́ta náà kọ, tí ó sì ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ fi afárá wa sí i?"

Tíṣà ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Nọ́ńbà mélòó?"

Tíṣà ní kí ó jókòó, kí ó mumi. Ìbíwùmí kò jókòó. Ó ní, "Ìparí oṣù Agẹmọ ni nọ́ọ̀sì ní mo máa bí. Ẹ ò ní í gbàgbé, àbí?"

Tíṣà ní òun kò ní í gbàgbé. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó ronú díẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìjọba bá ti kọ́ gbọ̀ngàn tán, ojú wọn á là sí ìlú náà, wọn á sì rí odò fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ agbádá, ó lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn ìlú jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Obìnrin ni alága wọn, kò lè tó ọmọ bíbí Tíṣà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ orí. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní kí ó máa kà á. Tíṣà kà á bó ṣe ń kàwé fún kíláàsì, ketekete. Nígbà tó dé nọ́ńbà kẹjọ, alága na ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ìlú pọ̀ lọ́wọ́ wa, ohun kan ṣoṣo la lè fi orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan tì lẹ́yìn lọ́dún yìí. Èwo ni kí n kọ?"

Tíṣà ní, "Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ọmọ mi. Ìlú ló fọwọ́ sí i."

Alága fa fáìlì kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé sórí tábìlì níwájú Tíṣà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé mẹ́sàn-án.

Èyí ni ohun tí n kò tíì sọ fún ọ, nítorí pé Tíṣà náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ọdún méje yẹn, bí ìlú bá ti fọwọ́ sí ìwé gígùn tán, bí wọ́n bá ti ṣe àmín, tí wọ́n jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n tú ká, àdúgbò kọ̀ọ̀kan a máa yọ́ ránṣẹ́ sí olú-ìlú lẹ́yìn. Lẹ́tà kúkúrú ni. Ohun tó wà nínú gbogbo wọn kò ju pé kí àwọn aṣòfin má wo ti ìwé gígùn, ti àdúgbò àwọn ni kí wọ́n ṣe. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló gbọ́n ọgbọ́n yìí.

Alága ní, "Bàbá, lẹ́tà mẹ́wàá ni ìlú yín ń kọ sí wa lọ́dọọdún. Èyí tó gùn ní gbogbo yín lẹ fẹ́ gbogbo rẹ̀. Mẹ́sàn-án tó kúrú ń sọ fún wa pé irọ́ ni. Ta ni kí á gbà gbọ́?"

Tíṣà ń wo àwọn ìwé náà. Lẹ́tà kẹrin tò gbọọrọ. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Alága rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ọmọ tí a kọ́ ni obìnrin yẹn. Ó rọra da ojú lẹ́tà náà dé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní í kà á síta, sà. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ìlú tó bá béèrè nǹkan mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí ẹnu wọn kò sì kò, èyí tó rọrùn jù fún ìjọba ni wọ́n máa ń mú nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè bá wa jà, a ṣáà ti ṣe ohun tó wà nínú ìwé."

Tíṣà rántí pátákó ẹnu ọ̀nà wọn, ojú sì tì í dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ọdún méje ló fi ń bínú sí àwọn aṣòfin.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ máa ti ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún yìí?"

Alága ní, "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí ẹ bá mú ẹyọ kan wá kó tó dìgbà náà, tí lẹ́tà kejì kò sì tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni n ó dìde gbè é lẹ́sẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń jà nínú rẹ̀. Ó lè sọ nílé pé wọn kò gbà, bí wọn kì í ti í gbà, kò sì sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún lè yan gbọ̀ngàn, kí ó kọ lẹ́tà kan, kí ó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó rò ó dáadáa. Ènìyàn rere ni, ó sì rò ó. Ìkẹta ni pé kí ó fúnra rẹ̀ yan afárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá a yan, àdúgbò mẹ́jọ á gbọ́, lẹ́tà mẹ́jọ á sì tún gbọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ọ̀nà kan ló ṣẹ́ kù, òun ni kò sì fẹ́ rárá.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó pe ìpàdé. Gbogbo àdúgbò pé. Ìbíwùmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará òdìkejì, ó jókòó sórí àga kékeré kan nítòsí ilẹ̀kùn. Tíṣà dìde. Kò mú ìwé kankan dání, èyí sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ó ní, "Mo ti kọ lẹ́tà lẹ́yìn yín. Ọdún méje. Mo ń kọ tiyín ní ọ̀sán gangan níwájú yín, mo sì ń wọlé lọ kọ tèmi pé kí wọ́n má ṣe tiyín, kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn. Orúkọ mi ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sí i. Mo sì ní ọmọ lódìkejì odò."

Ariwo sọ. Olóyè tó béèrè pápá ọkọ̀ òfurufú ló pariwo jù. Ó ní, "Ọ̀dàlẹ̀! Akọ̀wé tí a fọkàn tán! Ṣé irú èyí lo wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí?"

Tíṣà jẹ́ kí ó sọ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Olóyè, lẹ́tà mẹ́sàn-án ni mo rí níbẹ̀."

Mẹ́sàn-án. Àdúgbò mélòó ló wà nílùú? Olóyè rọra jókòó. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, òmíràn gbè é, ilé sì gba ẹ̀rín kan, ẹ̀rín àwọn tí a ká mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jalè, tí wọ́n wá rí i pé ẹbí kan náà ni gbogbo olè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í yan nǹkan fún ènìyàn. Nígbà tó rọlẹ̀, ìjà fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò wo ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn? Ta ló kéré jù nínú wọn? Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń sọ ọ́ bọ̀, títí bàbá àgbẹ̀ kan fi dìde láti àdúgbò òkè. Omi ẹ̀rọ ni àdúgbò tirẹ̀ ń béèrè láti ọdún méje, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní omi kò ṣe pàtàkì.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bi yín. Gbogbo wa la máa ń ṣe àáró. Bí a bá kó ara wa jọ láti bá ara wa ro oko, ṣé a máa ń ro oko gbogbo wa lọ́jọ́ kan?"

Wọ́n ní rárá.

"Oko ta la máa ń kọ́kọ́ lọ?"

Wọ́n ní oko ẹni tí igbó fẹ́ gbé mì.

"Ṣé ẹni tí tirẹ̀ kò kàn lónìí máa ń rò pé a fi ojú tín-ín-rín òun?"

Wọ́n ní rárá, ó mọ̀ pé tirẹ̀ ń bọ̀.

Bàbá náà ní, "Àbí ó máa ń yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò lóko ẹni ẹlẹ́ni lọ ro tirẹ̀, kí ó sì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀? Àwa tí a mọ iṣẹ́ yìí ṣe pẹ̀lú ọkọ́, kí ló dé tí a ò mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú kálàmù? Omi tí à ń béèrè jìnnà sí wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n à ń rìn lọ pọn ọ́n. Àwọn tòdìkejì kò lè rìn lórí odò. Èmi ti jọ̀wọ́ tèmi lọ́dún yìí."

Tíṣà ní, "Ẹ yọ gbọ̀ngàn kúrò." Ó ń dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́, n kò ní í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè, ó sì wo ọ̀nà ilẹ̀kùn níbi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí. Ìbíwùmí ti fi ìborùn bo ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, wọ́n ti to ara wọn bí ẹni tó ń to àáró. Afárá ni ti ọdún yìí. Omi ni ó tẹ̀ lé e. Gbọ̀ngàn bọ́ sí ìkẹfà. Pápá ọkọ̀ òfurufú, olóyè fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ ọ́, ó ní ọmọ òun kò tilẹ̀ tíì wálé láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n sì fi òfin kan dè é: àdúgbò tó bá kọ lẹ́tà ẹ̀yìn, ìdí pátápátá ni yóò padà sí.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ. Tíṣà nìkan kọ́ ló lọ lọ́tẹ̀ yìí, aṣojú àdúgbò mẹ́sàn-án ló bá a lọ nínú bọ́ọ̀sì kan. Lẹ́tà wọn kò tó ojú ìwé kan. Ọ̀rọ̀ afárá ni, pẹ̀lú iye ọmọ tí kì í rí iléèwé lọ lásìkò òjò, àti orúkọ obìnrin tó bímọ sórí ẹrẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n fọwọ́ sí i. Alága kà á tán, ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn mẹ́rìndínláàádọ́ta yòókù ńkọ́?"

Bàbá àgbẹ̀ ní, "Wọ́n ń dúró de àáró tiwọn."

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, òun ó dúró tì í. Ó sì dúró tì í.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba kì í yá, ìwọ náà mọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí afárá náà, wọ́n ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀. Oṣù Agẹmọ kò sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò rọ̀, odò kún, ó gbá àwọn pákó náà lọ bó ṣe máa ń gbá wọn lọ.

Ní àwọn ọdún tó ti kọjá, bí odò bá kún, ti òdìkejì ni. Lọ́dún yìí, ohun tí wọ́n sọ nínú ìpàdé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n na okùn líle kọjá odò láti igi dé igi, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ń yan ọkùnrin mẹ́rin-mẹ́rin láti ṣọ́ ọ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ èyí sínú ìwé. Agbára rẹ̀ ti wà ní ọwọ́ wọn láti ọdún méje.

Ní ọjọ́ kan, bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n pariwo láti òdìkejì pé Ìbíwùmí ti ń rọbí. Àdúgbò olóyè ni iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin mẹ́rin fà á kọjá nínú òjò, omi ń ta sí wọn lójú, olóyè fúnra rẹ̀ sì dúró nínú odò dé orúnkún pẹ̀lú agboòrùn, ó ń bú àwọn tó ń fà á pé kí wọ́n rọra. Nọ́ọ̀sì gbà á ní etí omi. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti bí ọmọkùnrin sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé Tíṣà lọ́wọ́, ó sunkún níwájú gbogbo ènìyàn, kò sì nu ojú. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó irin àti sìmẹ́ǹtì wá sí etí odò.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. Mo wà nínú ìpàdé yín lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí i bí o ṣe nawọ́ sókè pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, mo gbọ́ àmín rẹ, ó ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Mo sì mọ ilé tí o yà lọ nígbà tí ìpàdé tú, mo mọ ohun tí o lọ sọ níbẹ̀. O ń sọ fún mi pé àwọn aláṣẹ kò ka ẹgbẹ́ yín sí, pé ọdún ń gorí ọdún, ẹ ò rí nǹkan gbà. Báwo ni wọn yóò ṣe fún yín, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu tí ẹ fi ń béèrè náà lẹ fi ń ní kí wọ́n má fún yín?

N kò sọ pé ohun tí o ń fẹ́ kò dára. Gbọ̀ngàn dára. Ṣùgbọ́n wo inú ilé rẹ àti ilé aládùúgbò rẹ dáadáa, kí o wo ẹni tí òjò ọdún yìí yóò bá lójú odò. Bí kì í bá ṣe ìwọ, fún un láyè kó kọ́kọ́ kọjá. Àwọn aláṣẹ kò tíì ti ìwé wọn. Dìde nísinsìnyí, lọ sí ilé tí o yà lọ yẹn, kí o sì gba ọ̀rọ̀ rẹ padà.